Atẹ́gùn Wọ Páìpù Ládòkun

Ládòkun, mẹkáníìkì tó ń tún lọ́rì oníṣu ṣe ní Ṣakí, ti bì, ó ti yàgbẹ́ gbuuru títí ojú ẹ̀ fi jìn wọnú. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì Àrínọlá gbé ìgò omi kọ́ sókè, ó ń ta rọ́bà rẹ̀ níka. Àfi bí Ládòkun ṣe lajú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná! Kí ni kinní roboto tó ń bọ̀ nínú rọ́bà yẹn?"

"Atẹ́gùn ni, Bàbá Sàrátù. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Níbo ló ń lọ?"

"Kékeré bí irú èyí, bó bá tilẹ̀ wọ iṣan apá, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń parẹ́ sí."

"Bí kò bá parẹ́ ńkọ́?"

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iléèwé nọ́ọ̀sì dé? Kì í jẹ́ kí ìbéèrè kọjá lófo.

"Bó bá pọ̀, tó wá dé inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn fúnra ẹ̀, á dí ọ̀nà. Àyà á máa fún èèyàn, ọkàn á máa ṣe ségesège. Ó tiẹ̀ lè dúró."

Ládòkun dìde jókòó. Òun tí wọ́n gbé wọlé!

"Lọ́rì dísẹ́lì gan-an nìyẹn! Atẹ́gùn á wọ páìpù, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́, ó di gbí, ó kú! Ẹ fún mi ní sípánà."

"Sípánà kẹ̀?"

"Ọ̀dọ̀ táǹkì lẹ ti ń ta á níka. Ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti ń tú u!"

"Ẹ́ńjìnnì wo?"

Ládòkun nàka sí àyà ara ẹ̀.

"Bàbá Sàrátù, ẹ ò tíì tọ̀ láti àná. Bí omi ò bá wọ ara yín kí wọ́n tó pe ìrun Àsàrì, ẹ̀mí yín wà nínú ewu."

"Ẹ jẹ́ kí òùngbẹ pa mí! Ìyẹn, wọ́n á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní atẹ́gùn wọ páìpù ló pa Ládòkun? Áà! Àwọn mẹkáníìkì Ìsẹ́yìn á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí sàréè!"

Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́, àmọ́ ẹnu ò sinmi. Ó ní nọ́ọ̀tì kan ni wọ́n ń dẹ̀, wọ́n á máa pọ́ǹpù títí dísẹ́lì kò fi ní hó mọ́. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún júwe bí wọ́n ṣe ń dẹ̀ ẹ́, ó fi júwe bí wọ́n ṣe ń dè é padà. Àrínọlá ń ṣe "Ẹ́ẹ̀n, ẹ́ẹ̀n," ó ń ta rọ́bà títí atẹ́gùn fi gòkè padà sínú ìgò, ó sì di apá òsì Ládòkun mú.

"Ó yé mi, bàbá. Ẹ ṣeun."

"Ó yé yín? Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

"A ti ṣe é tán."

Ládòkun wo apá òsì. Abẹ́rẹ́ ti wà níbẹ̀, omi ń kán tó, tó, tó.

"Yéè! Nọ́ọ̀sì, ta ló ń tún páìpù ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́? Ẹ kọ́kọ́ pa á ná!"

Àrínọlá rọra tẹ̀ ẹ́ padà sórí ìrọ̀rí.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń pa tiyín, Bàbá Sàrátù. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń dá a padà ò sí ní ọsibítù wa."