Ilẹ̀kùn Onírin Bàbá Sànní

Bàbá Sànní, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ títún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Ipakodo, ń dá gbé ní Itamaga láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Nígbà tí olè ń dààmú àdúgbò, ọmọ rẹ̀ Wàsílátù ti Ẹ̀pẹ́ wá, ó mú wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ dání, wọ́n sì fi irin sí gbogbo fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà. Wẹ́dà ti lọ. Ẹ̀wà wà lórí gáàsì ní kíṣìnì. Wàsílátù dúró ní pálọ̀, ó ń kọ́ baba rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́.

WÀSÍLÁTÙ: Bàbá, láti òní lọ, ààbò ti wà nílé yìí.

BÀBÁ SÀNNÍ: Abọ́? Abọ́ ti wà níbí tipẹ́. Èyí tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ nìkan, a lè fi ṣe ìnáwó.

WÀSÍLÁTÙ: Ààbò ni mo wí!

BÀBÁ SÀNNÍ: Àbọ̀ kẹ̀? Ilẹ̀kùn tó wúwo tó báyìí, àbọ̀ ni wọ́n ṣe? Pe wẹ́dà yẹn padà, kó wá ṣe àbọ̀ tó kù.

WÀSÍLÁTÙ: Ààbò, Bàbá! Kí olè má baà wọlé!

BÀBÁ SÀNNÍ: Ẹn-ẹ́n! O ò tètè sọ pé olè.

WÀSÍLÁTÙ: Òfin kìíní nìyí. Ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn, ẹ má ṣí i àfi tí ẹ bá mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Màá bọ́ síta, màá kanlẹ̀kùn, kí ẹ ṣe bíi pé ẹ ò mọ̀ mí.

Ó jáde. Ó kanlẹ̀kùn, kó-kó-kó.

BÀBÁ SÀNNÍ: Ta ni?

WÀSÍLÁTÙ: Èmi ni.

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

BÀBÁ SÀNNÍ: Káàbọ̀, ọmọ mi! Báwo lọ̀nà?

WÀSÍLÁTÙ: Bàbá! “Èmi ni”, èmi ta ni?

BÀBÁ SÀNNÍ: Wàsílátù ni ẹ́. Àbí o ti gbàgbé?

WÀSÍLÁTÙ: Olè náà lè sọ pé “èmi ni”!

BÀBÁ SÀNNÍ: Kò sì parọ́. Òun náà kọ́ ni?

Wàsílátù mí kanlẹ̀. Ó tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọkùnrin.

WÀSÍLÁTÙ: Àwọn oníná ni o! Ẹ ṣílẹ̀kùn!

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ilẹ̀kùn fi ṣí.

BÀBÁ SÀNNÍ: Áà, ẹ wọlé, ẹ wọlé! Ọjọ́ wo la ti ń retí yín! Ẹ jókòó, kí n bu omi fún yín. Ọmọ mi ń se ẹ̀wà, ẹ máa bá wa jẹ níbẹ̀.

WÀSÍLÁTÙ: Bàbá, olè ni mí!

BÀBÁ SÀNNÍ: Ìwọ, Wàsílá? Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo rán ẹ lọ kà?

WÀSÍLÁTÙ: Bàbá mi, ẹ fetí sílẹ̀. Ọgbọ́n àwọn èèyàn yìí pọ̀. Wọ́n á pe orúkọ tí ẹ mọ̀. Wọ́n á sunkún. Wọ́n á fi ohùn ọmọ yín bá yín sọ̀rọ̀. Kódà tó bá jẹ́ ohùn tèmi lẹ gbọ́, ẹ má ṣí i!

BÀBÁ SÀNNÍ: Kódà ohùn tìẹ?

WÀSÍLÁTÙ: Kódà tèmi!

BÀBÁ SÀNNÍ: Ó ti wá yé mi. Jáde.

Wàsílátù jáde. Baba ti ilẹ̀kùn, ó tún fi irin dábùú rẹ̀. Wàsílátù gbọ́wọ́ sókè kó kanlẹ̀kùn, ni òórùn nǹkan tó ń jó bá ta sí i nímú.

WÀSÍLÁTÙ: Bàbá! Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ̀wà ń jó!

BÀBÁ SÀNNÍ (láti inú ilé): Ẹwà ń jó? Arẹwà wo ló ń jó lẹ́nu ọ̀nà mi lójú ọ̀sán?

WÀSÍLÁTÙ: Ẹ̀wà ni, Bàbá! Ẹ̀wà!

BÀBÁ SÀNNÍ: Mo ti gbọ́. Ẹ bá mi sọ fún un pé òótọ́ ni pé opó ni mí, ṣùgbọ́n orúnkún ò jẹ́ kí n lè jó mọ́.

WÀSÍLÁTÙ: Èmi ni! Èmi Wàsílátù!

BÀBÁ SÀNNÍ: Ẹ ò rí i? Wọ́n ti pe orúkọ. Ọ̀gá olè, ẹ kú iṣẹ́ o!

WÀSÍLÁTÙ: Iná ni! Ẹ pa iná!

BÀBÁ SÀNNÍ: Iná wo? Ẹ̀yin oníná tẹ́ ẹ ti mú un lọ, ẹ tún ní ká pa á?

WÀSÍLÁTÙ: Iná kíṣìnì! Ó ń jó!

BÀBÁ SÀNNÍ: Ìyẹn ti jó tipẹ́. Mo ní kí ọmọ mi ra gílóòbù bọ̀, ó ní òun gbàgbé.

WÀSÍLÁTÙ: Gáàsì, Bàbá! Gáàsì!

BÀBÁ SÀNNÍ: A ò rà o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ tiwa láàárọ̀ yìí ni.

Èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti fèrèsé kíṣìnì. Wàsílátù bú sẹ́kún.

WÀSÍLÁTÙ: Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi! Ẹ má jóná mọ́lé!

BÀBÁ SÀNNÍ: Ẹkún náà ti dé! Gbogbo ẹ̀ ló pé pérépéré. Ọmọ yẹn mà gbọ́n o. Ó dáa, tó bá jẹ́ ìwọ ni ọmọ mi lóòótọ́, dá mi lóhùn. Kó tó di òní, ìgbà wo lo wá kí mi gbẹ̀yìn?

WÀSÍLÁTÙ: Ní... ní oṣù tó kọjá.

BÀBÁ SÀNNÍ: Irọ́! Olè ni yín. Ọmọ mi ò ti ẹsẹ̀ bọ ilé yìí láti Iléyá.



WÀSÍLÁTÙ: Iléyá ni lóòótọ́, Bàbá. Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ni. Ọ̀nà náà sì jìn.

BÀBÁ SÀNNÍ: Ohun tí òun náà máa ń sọ gan-an nìyẹn. Ẹ mà kọ́ ọ dáadáa!

WÀSÍLÁTÙ: Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn ni?

BÀBÁ SÀNNÍ: Òórùn kí ni... (Ó wúkọ́.) Ọ̀gá olè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè mí. Nǹkan ń jó nílé wa. Ẹ má lọ o, mò ń bọ̀!

Ló bá dákẹ́ lọ gbáà. Wàsílátù sáré lọ sí fèrèsé: irin. Ó sáré dé ẹ̀yìnkùlé: irin. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi í síbẹ̀. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì lu ilẹ̀kùn, ó ń pe baba rẹ̀.

Irin dún. Ilẹ̀kùn ṣí. Baba jáde pẹ̀lú ìkòkò tó dúdú kirikiri, aṣọ tútù ló fi gbé e. Wàsílátù dì mọ́ ọn pẹ̀lú ìkòkò ọwọ́ rẹ̀.

WÀSÍLÁTÙ: Ṣé kò jó yín? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe yín?

BÀBÁ SÀNNÍ: Kí ló fẹ́ ṣe mí? Mo pa gáàsì, mo fi aṣọ tútù bò ó. Ẹ́ńjìnnì ti gbiná mọ́ mi lọ́wọ́ lórí omi rí, ká má tíì sọ ti ẹ̀wà. (Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.) Olè náà ńkọ́?

WÀSÍLÁTÙ: Olè wo? Èmi ni láti àárọ̀!

BÀBÁ SÀNNÍ: Ìwọ? Há, o mọ̀ ọ́n ṣe o. Ẹ̀rù ẹ bà mí.

Lẹ́yìn wọn, ilẹ̀kùn rọra padé. Gbàgà!

WÀSÍLÁTÙ: Yéè! Bàbá, ó máa ń ti ara rẹ̀!

BÀBÁ SÀNNÍ: O ò sọ ìyẹn fún mi.

WÀSÍLÁTÙ: Òfin kejì ni! A ò tíì débẹ̀!

BÀBÁ SÀNNÍ: Kọ́kọ́rọ́ dà?

WÀSÍLÁTÙ: Ó wà nínú báàgì mi. Báàgì wà lórí àga. Fóònù náà ń bẹ níbẹ̀.

Baba fi èjìká ti ilẹ̀kùn, kò mì. Ó ta á nípàá, ó sì di ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

WÀSÍLÁTÙ: Irin tó nípọn jù lọ ni mo rà. Wẹ́dà ní òun fúnra òun ò lè já a.

Baba jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣí ìkòkò, ó fi ìka bu ẹ̀wà tó wà lókè, ó tọ́ ọ wò.

BÀBÁ SÀNNÍ: Òkè rẹ̀ ò jó. Wá jẹun.

WÀSÍLÁTÙ: Bàbá, kí la máa wá ṣe báyìí?

BÀBÁ SÀNNÍ: Jókòó, ọmọ mi. Ká máa retí olè. Tó bá dé, á bá wa ṣí i.