Òrùka Ojú-ni-Téèpù

Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń rán aṣọ, Ojú-ni-Téèpù ì bá ti wọ gbogbo ayé láṣọ. Télọ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í wọn oníbàárà. Á kàn di ojú kan, á wò ọ́ látòkè délẹ̀, á ní, "Ó parí. Ojú mi ni téèpù." Ṣòkòtò tó rán fún tíṣà kan báyìí, ńṣe ni bàbá náà ń rìn bí ẹni tó ń fo gọ́tà.

Lọ́jọ́ tí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ yan òrùka tó bára mu, àǹtí ọmọbìnrin náà bá wọn lọ. Ẹbí ló rán an, nítorí ẹnu ọkọ ìyàwó yìí ti ń kọ wọ́n lóminú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹnu mọ́nú lónìí," àfẹ́sọ́nà rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Bí àǹtí bá délé tó ní rárá, rárá náà nìyẹn o."

"Èmi? Fọkàn balẹ̀!"

Alágbẹ̀dẹ wúrà gbé òrùka méjì tó dà bí irun dídì kalẹ̀, ńlá kan, kékeré kan. Ó fẹ́ wọn ìka wọn.

"Wọn kínni? Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi bá òrùkakórùka dọ́gba!"

Ó di ojú kan, ó mú kékeré, ó kì í bọ ìka. Ó há sí oríkèé. Ó tún fipá tì í, ó wọlé.

"Ọ̀gá, ti ìyàwó lẹ wọ̀ yẹn o."

"Mo mọ̀! Mo ń bá a dán an wò ni."

"Ó dáa. Ẹ bọ́ ọ fún un."

Háà! Ó fà á, kò bọ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń fà á níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àǹtí, òógùn ń ṣàn.

"Kí lẹ ń wá lápò?"

"Inú mi ló ń dùn, mà."

Nígbà tó fi máa yọ ọwọ́ jáde, ìka ti wú, ó pọ́n bí ata. Wọ́n fi ọṣẹ sí i, wọ́n fi òróró sí i, pàbó ló já sí. Àǹtí fẹsẹ̀ ti káúńtà, ó fà á tagbáratagbára.

"Yéè! Màámi o! Ẹ gé e!"

"Ìka ni àbí òrùka?" Alágbẹ̀dẹ ti mú ayùn dání.

Wọ́n gé òrùka. Àǹtí gbé báàgì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí parí síbí."

Ojú-ni-Téèpù wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀, omi ti lé sójú ọmọ náà. Ó rọra na ọwọ́ sí alágbẹ̀dẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n mí."

Ẹ̀rín pa àǹtí, ó jókòó padà.

"Ẹ bá mi fi iná jó òrùka tèmi pọ̀," ọmọbìnrin náà sọ fún alágbẹ̀dẹ, "ṣùgbọ́n ẹ má pa àpá rẹ̀ rẹ́. Kí ẹ sì fi irú àpá náà sára tiwọn. Ṣebí a ní kó bára mu ni?"

Lọ́jọ́ tí ẹbí pé láti rí ọkọ ìyàwó, ó dìde, ó wú àyà.

"Èmi tí ẹ ń wò yìí, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi..."

Ìyàwó fi ìka olórùka họ imú.

"...mo ní kí n kàn kí yín ni," ló wí, ó sì jókòó.