Imú Pẹ́ńtà àti Òdòdó Inú Pálọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ òórùn dídùn, ọ̀dọ̀ Pẹ́ńtà ni kẹ́ ẹ lọ.

Ọkùnrin yìí kì í dárúkọ òdòdó kó má sọ bó ṣe ń rùn. Róòsì pupa ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ní ó ń ta sánsán bí oyin tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí. Èyí funfun tó wà lẹ́nu géètì, ó ní ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ló jọ. Àlejò ò ní tíì jókòó tí yóò ti wọ́ ọ lọ sídìí òdòdó pé kó wá fimú fà á.

Ohun kan ṣoṣo ló fi pamọ́ fún aráyé.

Kò gbóòórùn rárá.

Iṣẹ́ kíkun mọ́tò lọ́dà ló ń ṣe, kì í sì í bo imú, torí ó ní àwọn ọ̀lẹ ló ń bo imú. Ọ̀dà wọ ihò imú ọ̀tún, ó wọ ti òsì, ó tilẹ̀kùn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ nù. Láti ìgbà náà, ẹ sun táyà síwájú Pẹ́ńtà, ojú ni yóò fi mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú gan-an ò mọ̀.

Oníbàárà kan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn ló fún un ní iṣu òdòdó kan tó rí róbótó.

"Lọ́jọ́ tó bá tanná, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀," ni oníbàárà náà wí. Kíá ló wọ mọ́tò rẹ̀ lọ.

Pẹ́ńtà gbìn ín sínú ìkòkò. Ọdún àkọ́kọ́, ewé ẹyọ kan péré ló yọ, ó ṣí bí agboorùn, ó rọ. Pẹ́ńtà ò bomi rin ín mọ́, torí ó kà á nínú ìwé pé irú iṣu bẹ́ẹ̀ a máa sùn, omi ló sì ń mú un jẹrà lójú oorun. Ọdún kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọdún kẹta, ewé ò yọ. Nǹkan kan yọ ṣóńṣó láti inú ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń fi ìka méjì ga lójúmọ́. Pẹ́ńtà gbé ìkòkò rẹ̀ wọ pálọ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní èémí ènìyàn ń ba òdòdó jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni bàbá ìyàwó rẹ̀ wá kí wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ méjì.

Àárọ̀ Sátidé, òdòdó là.

Gbàà.

Ó pọ́n dúdú bí ẹ̀dọ̀ màlúù. Ọ̀pá gígùn kan nà jáde láàárín rẹ̀ bí ẹni ń yọ ṣùtì sí onílé. Òórùn rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ẹ mú òkú eku ọjọ́ mẹ́rin, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù wé e, ẹ tì í mọ́nú mọ́tò nínú oòrùn. Lọ́fínńdà nìyẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Fín, fín, fín. Ó wo abẹ́ àga, ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, kò rí òkú eku. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún ló ti ń rùn jù. Ta ni òfin òdòdó ò mú, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń ka ìwé ìròyìn?

Bàbá rẹ̀ ni.

Obìnrin náà ò fura sí òdòdó, torí òórùn dídùn ni gbogbo òdòdó ọkọ rẹ̀ máa ń ní. Ta ló fẹ́ wo ojú bàbá tó bí i, kó sọ pé ó ń rùn? Ó rọra fa ọkọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná.

"Olówó orí mi, ẹ ò gbóòórùn nǹkan kan ní pálọ̀?"

Pẹ́ńtà rí i tó ń fa imú. Ó mọ̀ pé òdòdó òun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Mo ń gbọ́ ọ ṣáá. Ó ń ta sánsán."

"Kò ni yín lára?"

"Kí ló máa ni mí lára? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀. Kó máa wà ní pálọ̀ mi títí."

Omi lé ròrò sí ìyàwó lójú. Irú ọkọ wo rèé? Bàbá òun ń rùn bí ohun tó kú, ọkọ òun ní ó ń ta sánsán.

Ó gbé omi kaná, ó wẹ bàbá. Ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn tún dé. Ó tún omi gbé kaná. Ó fi kànìnkànìn ha ẹ̀yìn bàbá títí awọ fi ń dán. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, bàbá di ilẹ̀kùn mú.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ẹ fẹ́ sè mí ni?"

Ẹ̀rín ń pa mí! Bàbá ò mọ̀ pé òun ni wọ́n fura sí. Ẹsẹ̀ àna rẹ̀ lòun ń fura sí láti àárọ̀, ìwà ọmọlúàbí ni kò jẹ́ kó sọ ọ́.

Eṣinṣin wá dé. Vùùù. Wọ́n bo òdòdó náà bámúbámú.

"Ẹ ò rí i," ni Pẹ́ńtà wí, "eṣinṣin gan-an mọ ohun tó dáa."

Lọ́sàn-án, onílé tó háyà ilé fún wọn wọlé pẹ̀lú áńkáṣíìfù nímú. "Pẹ́ńtà, kí ló ń rùn nínú ilé mi?"

"Òdòdó ni, sà. Ẹ wá gbọ́ ọ dáadáa."

Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti gbogbo ojú rẹ̀ bọ inú òdòdó. Hùùùùn.

"Oyin," ó ní. "Oyin àti bọ́tà díẹ̀."

Onílé ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri. Bàbá dìde, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbóòórùn òdòdó náà lẹ́ẹ̀kan péré. Omijé bọ́.

"Àna mi, jókòó," ó ní, bó ṣe máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì. "Òdòdó kan wà tó jẹ́ pé oyin ló ń pè. Èyí, eṣinṣin ló ń pè. Ó ń díbọ́n bí òkú ẹran kí eṣinṣin lè wọ inú rẹ̀, kó bá a gbé ìyẹ̀fun tó fi ń so èso dé ọ̀dọ̀ òdòdó mìíràn. Kí lo ní ó ń rùn bí?"

"Oyin, sà."

"Ẹ fún mi láṣọ."

Wọ́n fi àjákù aṣọ di Pẹ́ńtà lójú. Bàbá gbé ìgò kẹrosíìnì sí i nímú.

"Róòsì ni, sà."

Bàbá na ọwọ́ sí onílé. Onílé bọ́ bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Pẹ́ńtà fà á símú dáadáa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èyí lọ̀gá wọn, sà. Ẹ bá mi wá irúgbìn rẹ̀."

Onílé gba bàtà rẹ̀ padà. Ẹ ò ní mọ̀ bóyá inú ń bí i tàbí inú rẹ̀ dùn.

Ìyàwó ló tú aṣọ lójú ọkọ rẹ̀. "Láti ìgbà wo?"

"Ọdún mẹ́sàn-án."

"Ọbẹ̀ tó jóná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tẹ́ ẹ ní òórùn rẹ̀ ló fà yín wọlé?"

Pẹ́ńtà gba àjákù aṣọ náà, ó ń ká a.

"Lọ́fínńdà tẹ́ ẹ rà fún mi, tẹ́ ẹ ní kò sí irú òórùn ẹ̀ láyé?"

Pẹ́ńtà họ orí. "Ìgò rẹ̀ ló wù mí."

Onílé ní méjì ni: kí wọ́n sin òdòdó náà, tàbí kí Pẹ́ńtà kó jáde. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbẹ́ kòtò sí. Pẹ́ńtà gbá ìkòkò mọ́ àyà, ó ń sunkún. Àwọn tó kù náà ń sunkún, ṣùgbọ́n òórùn ló fà á. Obìnrin kan tó ń ti ìdí ẹ̀rọ omi bọ̀ rí wọn láti ẹ̀yìn ọgbà, pé wọ́n yí kòtò ká, tọwọ́ tọwọ́ nímú, ojú wọn pọ́n. Ó sọ korobá kalẹ̀.

"Ẹ kú ará-fẹ́ra-kù o. Ta ló lọ?"

Bàbá fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Imú àna mi ni," ó ní. "Ó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Òní la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́."