Orin Kan, Orí Kan

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, orí kodoro ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọ̀nà kí ẹni tó ni ín tó tẹ̀ lé e. Kafíńtà ni. Kò sí irun lórí rẹ̀, kò sí irùngbọ̀n, kò sí ti òkè ojú. Ojú rẹ̀ dà bí ẹyin tí wọ́n la ẹnu sí.

Onígbàjámọ̀ tó pè lẹ́jọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ ìgẹrun, fóònù àti gbohùngbohùn kékeré kan dání. Nọ́ọ̀sì kan tẹ̀ lé wọn, òun ni àfẹ́sọ́nà kafíńtà. Bàbá nọ́ọ̀sì ló gbẹ̀yìn. Aago ni bàbá yìí ń tún ṣe, ó ti fi ogójì ọdún ṣe é. Kò wo kafíńtà lójú rárá.

Baálẹ̀ jókòó, Ọ̀tún rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ yòókù wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Ta ló lẹ́jọ́?"

"Èmi ni, Baálẹ̀."

"Ìwọ ta ni?"

"Kafíńtà ni. Èmi ni mo ṣe àga tí ẹ jókòó lé."

Baálẹ̀ na ọrùn wò ó. "Kafíńtà tó ṣe àga yìí nírun lórí."

"Ohun tó gbé mi wá náà nìyẹn, Bàbá."

"Ó dáa, sọ ọ́."

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí n gbé ìyàwó. Nọ́ọ̀sì yìí ni. Ó ní kí n lọ gé irun mi kí ó kúrú díẹ̀. Díẹ̀ ló wí, Baálẹ̀. Mo lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mi. Kò sí aago ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Orin ló fi ń wọn iṣẹ́. Ó kọ ọ́ sára ògiri gbàgàdà: ORIN KAN, ORÍ KAN. Bí orin bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun á bẹ̀rẹ̀. Bí orin bá parí, á pa ẹ̀rọ, á ní kí o dìde."

"Kò burú bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀tún wí.

"Kò burú tẹ́lẹ̀, Bàbá. Orin rọ́ọ̀kì ni mo fẹ́ràn, èyí tó le. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń fi orin ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Irin Gbóná gẹ irun mi. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni. Irun mi á gún régé. Lọ́jọ́ yìí ni mo wá fi ẹnu ara mi fa ọ̀ràn. Mo ní, 'Ọ̀gá, mo ti gbọ́ Irin Gbóná sú. Ṣé kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó jọ wọ́n ni?'"

"Kí ló fi dá ọ lóhùn?"

"Ó ní, 'Ẹni tó bá fẹ́ràn Irin Gbóná, á fẹ́ràn Àtẹ̀gùn Mẹ́sàn-án.' Ló bá fi orin wọn sí i. Baálẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún!"

Àwọn ìgbìmọ̀ mí kanlẹ̀.

"Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹfà, irun orí mi ti tán. Orin ò tán. Ó bọ́ sí irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n tán. Ó bọ́ sí ètè òkè. Ó fá òkè ojú ọ̀tún, ó fá ti òsì. Ó yọjú wo ihò imú mi, ó yọjú wo etí mi. Apá òsì mi ló wà nígbà tí orin parí."

Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè méjèèjì. Apá ọ̀tún nírun. Apá òsì ń dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Kí ni apá ṣe fún un?" ni Ọ̀tún béèrè.

"Ẹ bi í, Bàbá."

Onígbàjámọ̀ dìde. Irú ẹni tó máa ń gún ọ̀rọ̀ ní kẹ́sẹ́ ni.

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Iṣẹ́ mi kọjá irun gígẹ. Èmi ń so ọkàn ọmọ ènìyàn pọ̀ mọ́ ohùn tó bá a mu. Rọ́ọ̀kì líle ni Irin Gbóná ń kọ. Rọ́ọ̀kì ìlọsíwájú ni ti Àtẹ̀gùn Mẹ́sàn-án."

"Níbo ló ń lọ?"

Onígbàjámọ̀ ronú. "Baálẹ̀, ó ṣáà ń lọ ni."

"A rí i lójú kafíńtà. Kí ló dé tí o kò dúró nígbà tí irun orí tán?"

"Òfin ni, Baálẹ̀. Ó wà lára ògiri. Bí orin bá ń lọ tí ẹ̀rọ mi dákẹ́, oníbàárà á ní mo rẹ́ òun jẹ. Olóòótọ́ ènìyàn ni mí."

"Òótọ́ lo fi fá òkè ojú rẹ̀?"

"Òkè ojú ló kàn. Ibi tí irun bá kù sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Kí ó tiẹ̀ dúpẹ́. Orin náà ní ìdá kejì, mi ò fi sí i."

"O ní àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì jọra. Kí ni wọ́n fi jọra?"

"Àwọn méjèèjì ń ta gìtá. Àwọn méjèèjì ń lu ìlù. Ọkùnrin kan sì ń pariwo nínú méjèèjì."

Ọ̀tún ní, "Òbúkọ náà ní irùngbọ̀n. Ṣé èmi àti òbúkọ wá jọra ni?"

Gbogbo ilé wo irùngbọ̀n Ọ̀tún. Baálẹ̀ wúkọ́, ó ní kí wọ́n pe ẹlẹ́rìí.

Télọ̀ tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, tó ń dúró kí ó kan òun, ló kọ́kọ́ jáde.

"Baálẹ̀, orin mẹ́rin ni wọ́n kọ. Mo fi ojú mi rí i."

"O fi ojú rí orin?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo dìde pé ó ti kàn mí. Orin á dákẹ́ lọ wẹ́lo, màá dìde, màá bọ́ fìlà. Wọ́n á tún gbá a bùú! Màá padà jókòó. Orin mẹ́rin ni wọ́n fi gẹ orí kan. Onígbàjámọ̀ ti rú òfin ara rẹ̀."

Onígbàjámọ̀ fò sókè. "Irọ́ ni! Orin kan ni! Wọ́n ń sinmi ni!"

"Ta ní ń sinmi láàárín orin?"

"Àwọn tó mọ iṣẹ́ wọn! Ìwọ tí o kò mọ̀ ju orin àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lọ!"

"Ẹ fara balẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. "Télọ̀, kí ni kafíńtà ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí?"

"Ó ń sùn fọnfọn, Baálẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni kafíńtà sáré wí, "mo sùn. Mo sùn bí òkúta."

Ìyá ọlọ́ṣẹ ni ẹlẹ́rìí kejì. Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ti onígbàjámọ̀.

"Irọ́ ni télọ̀ ń pa. Orin kankan ò sí níbẹ̀. Mo rò pé jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, tí ìka ẹnìkan há sínú rẹ̀. Mo sáré lọ wò ó. Kafíńtà yìí wá ń sùn? Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ gbìgbì, tí ọṣẹ mi ń já bọ́ lórí pákó!"

"Ẹ̀rọ ìgẹrun ló ń gbọ̀n mí, Màmá."

"Orí ni ẹ̀rọ wà, ẹsẹ̀ ló ń gbọ̀n?"

Kafíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í nu iwájú orí. Kò sí irun tó lè dá òógùn rẹ̀ dúró mọ́, gbogbo rẹ̀ ń ṣàn bọ́ sójú. Ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì dìde.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi í ní nǹkan kan."

"Bi í."

"Wò mí lójú. Ṣé o sùn?"

"Mi ò sùn."

"O mọ̀ nígbà tí ti òkè ojú ọ̀tún lọ?"

"Mo mọ̀."

"Ti òsì ńkọ́?"

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Kí ló wá dè ọ́ mọ́ àga?"

Kafíńtà wolẹ̀. "Dùùrù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni."

Nọ́ọ̀sì sún mọ́ ọn.

"Ó dùn?"

"Ó dùn gan-an. Má bínú."

Onígbàjámọ̀ pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò gbọ́! Mo ní á fẹ́ràn wọn! Ẹjọ́ ti tán!"

"Kò tíì tán!" ni kafíńtà kígbe. "Kí orin dùn lọ́tọ̀, kí n lójú lọ́tọ̀!"

"Ó ti tán lọ́dọ̀ tèmi," ni ohùn kan wí. Bàbá nọ́ọ̀sì ni. Ó dìde, ó sì dojú kọ Baálẹ̀. "Kì í ṣe irun ló ń bí mi nínú. Irun á hù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí wọ́n ń fá òkè ojú rẹ̀, tó mọ̀, tí kò dìde: bí ilé bá ń jó, ṣé yóò dìde? Bí olè bá wọlé tòun ti gìtá ńkọ́? Á ní kí olè parí orin kí òun tó ké. Mi ò fọmọ fún un mọ́. Ẹni tó ní làákàyè á ti dìde ní ìṣẹ́jú kẹfà. Èmi ì bá dìde ní ìṣẹ́jú kejì."

"Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí, "mi ò ní mi ò fẹ́ ẹ o."

"Èmi ni mo ní mi ò fẹ́ ẹ fún ọ."

"Ẹ rántí àwọn ọkùnrin tó ti wá fẹ́ mi nílé wa ṣáájú rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jókòó tí mo fi sọ ọ̀rọ̀ kan parí."

"Bí wọ́n bá ń fá ìwọ náà lójú, á jókòó wò ọ́!"

Nọ́ọ̀sì jókòó, ó ń fi ìka yí òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó yọ ọ́ dé ìdajì, ó tún tì í padà. Kafíńtà ń wo òrùka náà.

Baálẹ̀ fi ẹnu sí Ọ̀tún létí. Ọ̀tún rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ béèrè kí ló dé, wọ́n kò sọ fún un.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Onígbàjámọ̀, jókòó sórí àga yẹn. Kafíńtà, gba ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé o ti gẹ irun ènìyàn rí?"

"Rárá, Baálẹ̀. Pákó ni mo máa ń fá."

"Ó tó. Orin yẹn náà la ó fi sí i. O kò gbọdọ̀ dúró kí ó tó parí. Òfin ni, ó wà lára ògiri."

Onígbàjámọ̀ jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo òkè ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin alátùn-ún-ṣe aago, ẹ wá jókòó síbí. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn yín lórí. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Bí ẹ bá dìde kí orin tó parí, ẹ̀yin lẹ jàre, kò sí ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó títí tó fi parí, ohun tó de kafíńtà mọ́ àga ti de ẹ̀yin náà nìyẹn. Ẹ ó fọmọ fún un."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìdájọ́ tó rọrùn! Màá gbọ́ ìṣẹ́jú kan, kí ẹnikẹ́ni má ní mi ò gbọ́. Lẹ́yìn náà màá lọ sílé."

Ó yọ aago àpò rẹ̀, ó gbé e lé orókùn. Wọ́n fi orin sí i láti inú fóònù onígbàjámọ̀. Gìtá wọlé, ìlù wọlé, ẹ̀rọ ìgẹrun dún. Kafíńtà la ọ̀nà kan tààrà láti iwájú orí onígbàjámọ̀ dé ìpàkọ́.

"Rọra!"

"Orin ń lọ, Ọ̀gá."

Ìṣẹ́jú kan pé. Bàbá ń fi ìka lu orókùn, ètè rẹ̀ ń mì.

"Bàbá, ìṣẹ́jú kan ti pé," ni Ọ̀tún wí.

"Mo mọ̀. Ẹ dákẹ́. Méje ni wọ́n ń kà."

"Kí ni méje?"

"Ìlù náà. Aago tó bá ń dún báyìí, ó ti bàjẹ́. Èyí kò bàjẹ́. Ó ń ku ọ̀kan kó pé mẹ́jọ, síbẹ̀ ó ń rìn."

Ìṣẹ́jú kẹfà kọjá. Irun onígbàjámọ̀ wà nílẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, orin dákẹ́ wẹ́lo.

"Ó ti parí," ni Bàbá wí, ìdí rẹ̀ sì kúrò lórí àga.

Nọ́ọ̀sì di ojú. Ẹ̀rọ ìgẹrun dúró lókè ojú onígbàjámọ̀. Bí Bàbá bá dìde tán, kò sí ìgbéyàwó; bí gbogbo ilé bá sì gbà pé orin ti parí, òkè ojú onígbàjámọ̀ á yè. Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kò lè mú un mọ́ra.

"Kò parí!" ló kígbe. "Bàbá, ẹ jókòó! Wọ́n ń sinmi ni!"

Bùú! Orin bú gbàmù padà. Bàbá balẹ̀ sórí àga. Ẹ̀rọ balẹ̀ sójú onígbàjámọ̀.

"Wọ́n ti yí i," ni Bàbá wí, "márùn-ún ni báyìí." Dùùrù wọlé. Bàbá di ojú, ó sì gbàgbé aago lórí orókùn.

Nígbà tí orin parí lóòótọ́, Bàbá ṣì jókòó, ìka rẹ̀ ń lu orókùn lórí òfo.

"Bàbá," ni Baálẹ̀ pè é jẹ́jẹ́, "ó ti parí. Ẹ ò dìde."

Bàbá la ojú. Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo ọmọ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó wo kafíńtà.

"Ní ọjọ́ ìgbéyàwó," ló wí, "kí o dé fìlà wá."

Nọ́ọ̀sì ti òrùka rẹ̀ wọlé dé ìdí ìka.

"Ẹ tún fi orin náà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹyọ ìlù kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ níbi tí dùùrù ti wọlé."

Kafíńtà tún na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ìgẹrun. Kí ó tó tàn án, onígbàjámọ̀ ti bẹ́ síta, ojú rẹ̀ ń kọ mànà nínú oòrùn. Àwọn ìgbìmọ̀ fẹ́ lé e.

"Ẹ jẹ́ kí ó máa lọ," ni Bàbá wí, "ó ti fi fóònù sílẹ̀."