Òyìnbó Tí Dáúdà Pọ̀n Sọdá Odò

Bí ẹ bá dé Ìjerò lọ́dún kẹta tí a gba òmìnira, tí ẹ rí ọkùnrin kan nínú kóòtù dúdú àti àkẹtẹ̀ dúdú lọ́sàn-án gangan, tó ń tẹlẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Philip nìyẹn. Philip ọkọ bàtà dídán, àyànfẹ́ dígí, a-sọ-Yorùbá-bí-ẹni-tó-ń-gé-èékánná.

Philip ń ṣe sinimá. Kò níjà nínú, kò nífẹ̀ẹ́ nínú. Ijó lásán ni, láìsí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nípa ìyà tí òyìnbó fi jẹ ènìyàn dúdú àti bí gbogbo ọmọ aráyé ṣe jẹ́ ọ̀kan náà. Ní London, àwọn onílé máa ń pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú bí wọ́n bá ti rí àwọ̀ rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ẹ má jẹ́ ká fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀.

Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ife rẹ̀ mumi. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, àwọn oníjó ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ fún un, obìnrin á kúnlẹ̀, títí kan Hùmúàní tó jẹ́ pé òun ló dá gbogbo ijó náà. Bí wọ́n bá dìde tán, Philip á wá sọ fún wọn pé ọ̀kan náà ni gbogbo wa.

Oyè ló ń wá. Àwọn ìjòyè ti ní kó gbé sinimá náà wá kí àwọn wò ó. Bó bá bu iyì kún ìlú, àwọn á fi í joyè. Philip ti rán fìlà oyè sílẹ̀. Àràárọ̀ ló ń dé e wo.

Òyìnbó tí yóò bá wọn jó ò sí nítòsí, ló bá mú Dáúdà, àgbẹ̀ kòkó láti Ìlogbò, ó fi ẹfun kùn ún látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Philip fúnra rẹ̀ ni ènìyàn dúdú. Bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, ènìyàn dúdú ni yóò pọ̀n òyìnbó sọdá odò Ìkògòsì, bí wọ́n ṣe máa ń gbé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó láyé ijọ́un. Philip wo odò, ó wo Dáúdà, ó wo kóòtù ara rẹ̀.

"Òyìnbó ti ronú pìwà dà," ó wí. "Òun ni yóò pọ̀n mí."

Hùmúàní rán an létí pé ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù nínú odò náà ni ijó náà parí sí, tí dúdú àti funfun á di ara wọn lọ́wọ́ mú. Philip ní kí ìyẹn ṣì dúró ná. Ó ní kí Hùmúàní àti àwọn oníjó yòókù náà kun ẹfun, kí wọ́n tò sétí odò, kí wọ́n sì dojú bolẹ̀ fún òun, nítorí bí òyìnbó tó ń foríbalẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ọ̀rọ̀ náà á ṣe wọni lára tó. Dáúdà pọ̀n ọ́n lọ, ó pọ̀n ọ́n bọ̀, ó tún pọ̀n ọ́n lọ, torí Philip ní bàtà òun ò hàn dáadáa.

Wọ́n gbé fíìmù náà lọ fọ̀ l'Ékòó. Àwọn tó fọ̀ ọ́ ní iṣẹ́ ò tíì parí, pé ohun tó dúdú ṣì funfun níbẹ̀, ohun tó funfun ṣì dúdú, kí Philip fún àwọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí àwọn yí i padà. Philip ní wọ́n fẹ́ dá oyè òun dúró ni. Ó ní ẹni tó gbé London kì í gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ará Èkó. Kò wò ó, ó dì í sínú àpò, ó wọkọ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ò ì tíì rí Philip nígbà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tó padà dé Ìjerò, nígbà tílẹ̀ ṣú díẹ̀, gbogbo ìlú pé sí pápá ilé ìwé. Philip ti dé fìlà oyè wá. Ó sọ̀rọ̀ títí ọmọdé fi sùn lọ, pé kí wọ́n wo bí òyìnbó ṣe fìyà jẹ wá, kí wọ́n sì mọ ojú ọ̀tá. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, aṣọ funfun tí wọ́n ta sára ògiri mọ́lẹ̀.

Òyìnbó kan yọ. Ojú rẹ̀ funfun, kóòtù rẹ̀ funfun, àkẹtẹ̀ rẹ̀ funfun. Ó gun ènìyàn dúdú kan lẹ́yìn, ó ń sọdá odò, ó ń nawọ́ sí bàtà rẹ̀. Létí odò, àwọn ènìyàn dúdú dojú bolẹ̀ lọ súà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Rachael, tí bàbá rẹ̀ gbé ajẹ́lẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an nìyí, pé Ọlọ́run yóò dájọ́ fún òyìnbó olójú líle yìí. Gbogbo pápá ṣe àmín.

Philip ò lè gbà á. Ó fò dìde síwájú iná.

"Èmi nìyẹn! Ẹ wò ó dáadáa, èmi ni wọ́n pọ̀n yẹn!"

Gbogbo ojú yí sí i. Ẹ̀rọ ṣì ń dún.

"Ọ̀gá náà ni," Dáúdà wí láti ẹ̀yìn. "Ẹ̀yìn mi ò tíì yéé dùn mí."

Ẹ̀rín wá bẹ́. Ìyá Rachael pàápàá fi etí ìró nu omijé, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Olóyè Jacob, àgbà ìjòyè, dúró kí ariwo rọlẹ̀, ó rọra ṣí fìlà kúrò lórí Philip.

"Sinimá rẹ dára, ọmọ mi," ó wí. "Òtítọ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò fi òyìnbó joyè rí nílùú yìí."

Philip bá ẹ̀yìn ilé ìwé lọ, kò mú àga, kò mú ife. Dáúdà lọ jókòó sórí àga náà, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Hùmúàní bu omi sínú ife Philip, ó mu tirẹ̀, ó sì na ìyókù sí Dáúdà.