Gbádégẹṣin àti Iyùn tó Fi Mílíìkì Tọ́

Ẹnu ni àìsàn Gbádégẹṣin. Ojú rẹ̀ dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ dára, iṣẹ́ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bí ẹnu náà bá ti gbéra, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Á mu gààrí láàárọ̀, á dé ọ́fíìsì, á ní ẹyin tí òun jẹ pọ̀ jù. Ilé tó rẹ́ǹtì lẹ́yìn ọjà Bódìjà, níbi tí òórùn ẹran ti ń kí àlejò kí onílé tó jáde, Ẹ̀sítéètì ló ń pè é.

Ẹnu yìí ìbá ṣì mọ níwọ̀n bí kì í bá ṣe pé wọ́n rán an lọ sí Jámánì. Ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ ni, ní ọdún 1987. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó ẹni tí yóò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó ẹni tí yóò fi yangàn. “Gúútìn Mọ́ọ̀gìn” nìkan ló gbọ́ bọ̀, ìkíni àárọ̀ wọn ni, òun sì ni Gbádégẹṣin ń fi kí àwọn ará ilé láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti bí wọ́n bá ń lọ sùn.

Ó kó ẹrù bọ̀ pẹ̀lú o. Ó gbé àpótí gíláàsì kékeré kan, gílóòbù aláwọ̀ búlúù, ẹ̀rọ tó ń ru omi sókè, àpò iyọ̀ òkun, àti ìwé kan tó kún fún àwòrán. Ó tún gbé ohun ẹlẹ́mìí kan bọ̀ nínú ọ̀rá omi, tó gbá mọ́ àyà nínú bàálù bí ìyá ọmọ tuntun. Bí ẹ bá rí nǹkan náà, olú lẹ máa pè é. Ó ní ẹsẹ̀ kan tó ki, ó ní orí tó fẹ̀, ọwọ́ wẹ́wẹ́ sì kún orí náà, tó ń fì síwá sẹ́yìn nínú omi. Ẹran òkun ni. Ìbátan iyùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyùn ní òkúta lára, èyí kò ní. Rírọ̀ ló máa rọ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Òyìnbó tó tà á ṣàlàyé gbogbo èyí fún un dáadáa. Gbádégẹṣin gbọ́ “ìbátan iyùn”, kò gbọ́ ìyókù.

Láwùmí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Àgbowó, ló ń tọ́jú ẹran náà ní ti gidi. Bó bá wá ní Sátidé, á wo ibi tí omi fà dé, á fi omi lásán kún un, nítorí omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Á nu gíláàsì. Bí ooru bá mú, á ṣí ìdérí, á dojú fáànù kọ ọ́. Bó bá ṣe tán, á fa àga sún mọ́ ọn, á jókòó tì í, á máa wò ó. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ ti Gbádégẹṣin ni kó máa ṣàlàyé fún àlejò.

Ẹ wá wo ọjọ́ tó lọ fojú han àwọn àna ní Àpáta. Bàbá Láwùmí, Díákónì Akíndúró, jókòó. Ìyá Àtọ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá náà, jókòó tì í, ìyá tó jẹ́ pé bí kò bá tíì mi orí, ọmọ kankan kò lọ sílé ọkọ nínú ẹbí wọn. Wọ́n bèèrè ilé, wọ́n bèèrè iṣẹ́, wọ́n bèèrè ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó bèèrè iyùn. Ẹnu Gbádégẹṣin kàn ń yún un ni.

“Bàbá, iyùn tí Láwùmí máa fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mi ò ní í rà á lọ́jà. Mò ń sìn ín nílé ni.”

Ìyá Àtọ́kẹ́ wò ó. “O ń sin iyùn? Bí a ṣe ń sin adìyẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ó ṣì kéré ni. Egungun rẹ̀ ò tíì le.”

Díákónì rọra mi orí. “Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, bí a bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa wá wò ó. Bí ojú wa bá rí ohun tí etí wa gbọ́ yìí, a ó dá ọjọ́ ìdána níbẹ̀. Bí a ò bá rí i, a jẹ́ pé a ò tíì mọ irú ẹni tí o jẹ́.”

Nígbà tí wọ́n jáde, Láwùmí ní, “Ta ló bi yín léèrè iyùn?”

“Ṣé o ò rí i bó ṣe dùn mọ́ wọn ni?”

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹran òkun sé ilẹ̀kùn mọ́rí. Gbogbo ọwọ́ wẹ́wẹ́ wọlé, orí rẹ̀ ń dán bí ohun tí wọ́n fi àbẹ́là pa, ó sì sorí kọ́. Gbádégẹṣin ránṣẹ́ pe Láwùmí.

Láwùmí bẹ̀rẹ̀, ó wò ó títí. “Awọ ló fẹ́ bọ́. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ lọ Èkó. Bó bá bọ́ ọ tán, á tún là, ara rẹ̀ á sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má da nǹkan kan sí i.”

“Títí dìgbà wo?”

“Ó lè kọjá ọjọ́ Ìsinmi. Màá ṣàlàyé fún Bàbá.”

“Láwùmí, nínú èmi àti ìwọ, ta ló lọ Jámánì?”

Láwùmí mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n dákẹ́ ńkọ́? Tara tirẹ̀ á bá a pariwo.

Gbádégẹṣin ṣí ìwé Jámánì. Kò lè kà á, ṣùgbọ́n àwòrán kò nílò ògbufọ̀. Ó rí òyìnbó kan tó ń da nǹkan funfun sínú omi. Ó jókòó, ó ronú bí ọ̀mọ̀wé. Nǹkan yìí rọ̀ nítorí pé egungun rẹ̀ kò le. Kí ni ọmọdé ń mu tí egungun rẹ̀ fi ń le? Mílíìkì! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè. Ó lu agolo mílíìkì kan, ó dà á sí i. Ó rántí pé Ìyá Àtọ́kẹ́ ń bọ̀, ó lu òmíràn. Iyọ̀ òkun ti tán, ó bu ti ilé ìdáná. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Omi Gbádégẹṣin tó dàrú, ó mú ṣíbí rò ó.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn àna dé, Láwùmí tẹ̀lé wọn. Gbádégẹṣin ti wọ léèsì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Gúútìn Mọ́ọ̀gìn, sà!” Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù.

Ìyá Àtọ́kẹ́ fa imú. “Kí ló kú sí ilé yìí?”

“Òórùn òkun ni, Màmá. Bó ṣe ń rùn ní Jámánì nìyẹn.”

Díákónì dúró níwájú àpótí. Omi inú rẹ̀ funfun, ó ki, ó ń hó lójú. “Iyùn náà dà?”

“Ó wà nísàlẹ̀, sà. Ó ń sinmi.”

“Nínú ògì?”

Ẹlòmíràn ì bá tọrọ àforíjì. Gbádégẹṣin ki ọwọ́ bọ omi tòun ti léèsì, ó wá a títí, ó sì gbé e jáde. Ohun tó gbé jáde ń yọ́ gba àárín ìka rẹ̀ bí ọbẹ̀ ilá, ó ń kán tótó sórí bàtà Díákónì. Òórùn náà wá jáde pátápátá. Ìyá Àtọ́kẹ́ fi ìborùn bo imú.

Ẹnu kò tíì rẹ̀ ẹ́. “Awọ ló ń bọ́, sà. Bó bá bọ́ ọ tán, á tún là, ara rẹ̀ á sì mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

Láwùmí gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Omijé ti dé ojú rẹ̀. “Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ́ awọ. Ó ti kú báyìí. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má da nǹkan sí i.”

“Kí ni wọ́n wí?” ni Ìyá Àtọ́kẹ́ bi í.

“Wọ́n ní mi ò lọ Jámánì.”

Láwùmí jókòó sórí àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ìyá Àtọ́kẹ́ yíjú sí ọkọ ìyàwó tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń kán.

“Gbádégẹṣin, ohun tí o pa yìí, ṣé ó lẹ́sẹ̀ tó lè fi rìn?”

“Rárá, Màmá.”

“Bí ìyà bá ń jẹ ẹ́, kò lè sá?”

“Kò lè sá, Màmá.”

“Láwùmí lè sá.”

Gbádégẹṣin yára yíjú kó bẹ Láwùmí. Àga ti ṣófo. Ojú fèrèsé ló ti rí i létí títì, tó na ọwọ́ sí táksí Àpáta. Kò tilẹ̀ dúró de bàbá rẹ̀.