Ọ̀gá Omi Tí Kò Wọkọ̀ Rí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni Ọ̀gá Omi. Èmi ni Atọ́kọ̀-sọ́nà-má-wọkọ̀, akọ̀wé tó mọ òkun ju ẹja lọ, ọkùnrin tí omi ń rí tó ń sá. Èmi fúnra mi ni mo fún ara mi ní gbogbo orúkọ yìí. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, mo bi onígbàjámọ̀ mi léèrè pé, “Ṣé o mọ̀ pé Ọ̀gá Omi làwọn èèyàn ń pè mí?” Kò mọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo àdúgbò ti mọ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ rèé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sídìí fèrèsé ní ọ́fíìsì èbúté, tí mò ń kọ wákàtí tí ọkọ̀ dé àti wákàtí tí ọkọ̀ lọ sínú ìwé gàgàrà kan. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ẹ̀rù omi ń bà mí débi pé bí òjò bá ti ń ṣú, ìyàwó mi ló máa ń lọ pa fèrèsé dé. Ṣùgbọ́n ta ló máa bi akọ̀wé léèrè bóyá ó lè lúwẹ̀ẹ́? Bírò ni wọ́n fún mi, wọn ò fún mi ní àjẹ̀.

Ibi tí mo wà nìyẹn nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan dìde pé àwọn fẹ́ wa epo rọ̀bì ní erékùṣù tó wà ní ọ̀ọ́kán èbúté wa. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Wíwa epo nìkan kọ́ ló ń bí àwọn ará erékùṣù nínú, bí wọ́n ṣe máa gbé e jáde gan-an ni. Ojú ọ̀nà omi kan ṣoṣo ló wọ erékùṣù náà, ibẹ̀ sì ni àwọn apẹja ń gbà lọ tí wọ́n ń gbà bọ̀. Ilé-iṣẹ́ fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀nà ọkọ̀ epo, kí ẹlòmíì má gba ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn apẹja yìí. Ó ti tó ogójì ọdún tí wọ́n ti ń dẹ àwọ̀n níbẹ̀, òun ni wọ́n sì fi tọ́ ọmọ mẹ́rin.

Àwọn olùdókòwò tó máa gbé owó iṣẹ́ náà sílẹ̀ ò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó mọ omi, àwọn sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ará erékùṣù fúnra rẹ̀.

Ìyẹn ló gbé aṣojú ilé-iṣẹ́ náà dé pálọ̀ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, bàtà rẹ̀ ń dán bí ẹyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Kò-sí-wàhálà ni mo sọ ọ́, torí ohun tó fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè nìyẹn.

“Baba, ẹ̀yin gan-an là ń wá. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ Ọ̀gá Àgbà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ epo.”

“Kí ni iṣẹ́ ibẹ̀?”

“Kò sí wàhálà. Ẹ máa ní ọ́fíìsì. Ẹ máa ní àga tó ń yí.”

“Ó ń yí pátápátá?”

“Yípo yípo, Baba. Ó tún ní ẹsẹ̀ táyà.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, àga onígi ni mo fi jókòó fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú. Nígbà tí mo gbọ́ “ẹsẹ̀ táyà,” gbogbo ara mi rọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wúrà ni wọ́n fi rà wọ́n. Èmi, àga ni.

Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná. “Bàbá wọn, ẹ̀yin tí ẹ kì í lè ré gọ́tà kọjá tí wọn ò bá dì yín lọ́wọ́ mú?”

“Omi tí èèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀,” ni mo dá a lóhùn.

“Òótọ́ ni. Èyí tí ẹ máa mu ni wọ́n sọ. Wọn ò mẹ́nu ba èyí tó máa gbé yín lọ.”

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, kí n lè rí ọ̀rọ̀ ará erékùṣù kọ sílẹ̀.

“Àbúrò, má dá sí i,” ni wọ́n sọ. “Bí wọ́n bá gba ọ̀nà yẹn lọ́wọ́ wa, ibo ni kí n gbé àwọ̀n mi gbà? Orí òrùlé?”

“Ẹ̀gbọ́n, ìdàgbàsókè ni.”

“Ìdàgbàsókè ta ni? Ó dáa, ṣé o tiẹ̀ mọ bí omi ibí ṣe ń ṣe ni?”

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé omi tó ń kún, omi tó ń fà, àti ìgbà tó ń fà. Ṣùgbọ́n èmi ti ń rò ó bóyá dúdú ni àga náà máa jẹ́ àbí pupa.

Ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi, ọwọ́ àìmọ́wọ́ ni. Mo jókòó, mo kọ ìwé bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń sọ̀rọ̀: “Èmi tí mo ti ń pẹja fún ogójì ọdún, mo jẹ́rìí pé omi wa jìn láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Inú gbogbo wa dùn sí ọkọ̀ epo. Àbúrò mi ló là wá lójú.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fa ìlà méjì sí i nídìí. Lẹ́yìn náà ni mo fi àtàǹpàkò ara mi tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì kọ orúkọ wọn sí i.

Ó ku wákàtí tí ọkọ̀ epo á máa rìn. Ìyẹn ò le rárá lójú mi. Mo rántí pé nínú ìwé gàgàrà mi, àwọn ọjọ́ kan wà lóṣooṣù tí ọkọ̀ kankan kì í lọ, tí ọ̀kankan kì í bọ̀, láti agogo méjìlá ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo kọ síwájú àlàfo yẹn, lóṣooṣù, fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni: “Àwọn awakọ̀ ń jẹun.” Ta ló sọ fún mi? Kò sí ẹnì kankan. Ebi ló máa ń pa èmi lákòókò yẹn, mo sì rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo ayé nìyẹn. Mo bá kọ ọ́ gàdàgbà pé: “Lọ́sàn-án, ọ̀nà ṣófo pátápátá. Ìgbà yẹn gan-an ni kí epo máa kọjá.”

Ìwé mi wọ àwọn olùdókòwò lọ́kàn. Alága wọn, ọmọbìnrin onídígí kan tó kéré sí àkọ́bí mi, pè mí sí ìpàdé.

“Baba, ìwé yín ti mú iyèméjì wa kúrò,” ló sọ. “A máa fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n orí erékùṣù la ti máa fọwọ́ sí i, lójú gbogbo wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n máa fi kó epo la máa wọ̀ lọ, ní agogo méjìlá tí ẹ kọ yìí. Kí ẹ bá wa mú ọjọ́, kí ẹ sì ṣáájú wa.”

“Èmi?”

“Àbí ẹ̀yin kọ́ ni Ọ̀gá Omi?”

Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀. Mo mú ọjọ́ tí ìwé mi fi hàn pé àwọn awakọ̀ máa ń pẹ́ jù lọ nídìí oúnjẹ.

Lọ́jọ́ náà, mo dé fìlà líle aláwọ̀ yẹ́lò, irú tàwọn tó ń kọ́lé, mo sì ti fi ọ̀dà kọ Ọ̀GÁ OMI síwájú rẹ̀. Mo wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, méjì, ọ̀kan lé ọ̀kan. Ọkọ̀ náà gùn, ó pẹrẹsẹ, wọ́n to àga sórí rẹ̀ fún olùdókòwò méjìlá. Mo dúró níwájú, mo di irin mú, mo sì di ojú.

“Baba, kí ló wà lápá ọ̀tún wa?” ni Alága béèrè.

“Omi,” ni mo wí.

“Lápá òsì ńkọ́?”

“Omi ni òun náà.”

Olùdókòwò kan kọ ọ́ sílẹ̀.

A ti ń rí àwọn èèyàn lórí erékùṣù nígbà tí awakọ̀ wa, àlejò tí ilé-iṣẹ́ háyà pẹ̀lú ọkọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn. “Baba, omi yìí ti ń tán lábẹ́ wa o. Kí ló dé tí mi ò rí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà?”

“Wọ́n lọ jẹun. Máa lọ!”

Ó lọ. Gbì! Ọkọ̀ dúró. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, omi ti fà lọ pátápátá, ó fi wá sílẹ̀ láàárín ẹrẹ̀ bí àwo tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì. Àwọn alákàn jáde wá wò wá.

Àwọn ará erékùṣù ti gbé pátákó wá sétí omi láti fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí wọ́n rí wa, wọ́n dákẹ́ ariwo. Wọ́n tẹ́ pátákó náà sílẹ̀, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń wòran.

“Kò sí wàhálà,” ni aṣojú ilé-iṣẹ́ wí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n kọ́kọ́ wọ inú ẹrẹ̀ wá, wọ́n ti ká ìró dé orókùn, apẹja mẹ́rin sì tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ kú àbọ̀ o,” ni wọ́n kí wa. “Omi ò ní padà títí dìrọ̀lẹ́. Oòrùn yìí á sì pa yín. Ẹ jẹ́ ká pọ̀n yín dé ilẹ̀.”

Ó yẹ kí n jẹ́ káwọn àlejò ṣáájú. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n mi tó pa ẹnu dé, mo ti wà lẹ́yìn wọn, mo ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì há wọn níbàdí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo rù, àwọ̀n tó kún fẹ́ja sì wúwo jù mí lọ.

A ti rìn dé ìdajì nígbà tí Alága, tó ti gbọ́ tí mò ń pè wọ́n ní ẹ̀gbọ́n, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n mú wá fún ọ̀rọ̀ ìyànjú mi láti inú ọkọ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí?” Ó wá kà á látòkèdélẹ̀, àti omi tó jìn lọ́sàn-án, àti inú wọn tó ń dùn, àti àbúrò tó là wọ́n lójú. Gbogbo etí omi gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró.

“Àbúrò.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ilẹ̀ ná.”

“Mi ò lọ síbì kankan. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

“Ẹ sọ nǹkan kan nípa omi.”

“Ṣé mo ní inú mi dùn?”

Ẹrẹ̀ ti ń gbé wọn lẹ́sẹ̀ mì díẹ̀díẹ̀. “Rárá,” ni mo sọ wúyẹ́wúyẹ́.

“Sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́.”

Mo figbe ta. “Irọ́ ni! Èmi ni mo kọ ọ́! Àtàǹpàkò mi ni! Wọn ò fẹ́ ọkọ̀ epo! Mi ò sì wọ ọkọ̀ rí!” Kò sẹ́ni tó bi mí ní ti ìkẹyìn yẹn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó ogún ọjọ́.

“Agogo méjìlá tí ẹ kọ ńkọ́?” ni Alága béèrè.

“Mo rò pé wọ́n ń lọ jẹun ni!”

Ẹ̀rín bú jáde létí omi. Apẹja kan rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú kúrò lórí pátákó rẹ̀. Alága ká ìwé náà, ó tì í sọ́wọ́ aṣojú. “Ẹ bá wa fagi lé e. A ò fọwọ́ sí nǹkan kan.” Aṣojú wo ìwé, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ tó máa gbà dé ilẹ̀. “Wàhálà wà,” ló sọ.

Ojú tì mí. Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ká ní omi ò fà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni, ọwọ́ mi yìí ni ì bá gba ọ̀nà oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń pọ̀n mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ò jù mí sílẹ̀. Wọ́n rọra pọ̀n mí dé iwájú àwọn èèyàn wọn, wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n sì fi etí ìró nu ẹrẹ̀ kúrò lórúnkún mi.

“Ẹ má bínú,” ni wọ́n sọ fún gbogbo wọn. “Àbúrò mi nìyí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìrìn. Òótọ́ sísọ ni mi ò tíì kọ́ ọ tán.”

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ yẹn.